Aárùn-ún Tó Yẹ Kó Jẹ́ Ẹẹ́jọ

Òórùn ike gbígbóná kì í jẹ́ kí ara rọ̀ mí. Bí mo bá gba ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òrò kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fi ike bo káàdì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bí ẹni pé àná ni. O mọ̀ mí, mi kì í di èèyàn sínú. Eléyìí nìkan ni kò tán.

Nígbà tí owó oṣù tíṣà kì í dé mọ́, tí à ń ti kíláàsì gba oko iṣu lọ, mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò sí ìlú òyìnbó. Ọjọ́ Ajé ni kí n bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá yọjú, wọ́n á fún ẹlòmíì. Páásípọ́ọ̀tù tí ẹ̀rọ ń kà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ìlà méjì wà nísàlẹ̀ fọ́tò, tó kún fún lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì bí ẹnu ẹyẹ tó là sílẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù ni wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n akọ̀wé ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù tẹ ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mo fi hàn án. Dípò kó mú ìwé tuntun, ó fi bíléèdì ha ẹẹ́fà, ó tẹ ẹẹ́sàn-án rọ́pò, lókè àti nísàlẹ̀, ó sì fi ike bò ó.

"Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?" ni mo bi í.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká mánéèjì ẹ̀. Ta ló ń ka ìsàlẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀rọ ló ń kà á. Ní pápákọ̀ òfurufú òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ náà kọ̀ láti gba ìwé mi. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi èékánná ra ibi tí wọ́n ha. Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan ìwé yìí?" Wọ́n ní ayédèrú ni. Èmi tí ìjọ wa ní Ọ̀mù-Àrán ṣe ìsìn ìdágbére fún, tí ìyá mi di èlùbọ́ àti òrí fún, ni ọlọ́pàá méjì sìn padà sínú bàálù bí olè.

Obìnrin kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà ló ṣàánú mi tó ṣàlàyé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí nínú ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kò wà níbẹ̀ lásán. Wọ́n á kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́. Wọ́n á fi eéje, ẹẹ́ta, oókan sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, wọ́n á padà sí eéje, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn àròpọ̀ náà ni ẹlẹ́rìí. Mo ṣe é sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì nínú bàálù: 610319. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹẹ́jọ ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aárùn-ún ti ọjọ́ àṣìṣe ló ṣì jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Èyí kò tilẹ̀ lo oṣù kan, orí mi ló sì wó lé.

Mo padà lọ bá akọ̀wé náà. Kò wojú mi. "Ẹ̀rọ tiwọn ló le jù," ló wí. Nílé, ìyá mi tú èlùbọ́ tó dì fún mi, ó fi ro ọkà, ó ní kí n jẹun.

Inú ọkùnrin yẹn ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àbọ̀ ti mọ́ wa lára débi pé ọpẹ́ là ń dá fún un. Èmi olùkọ́ ìṣirò rí ojú ibi tó ha, mo mọ̀ pé kò dára. Síbẹ̀, nígbà tó na ìwé náà sí mi, tí ike rẹ̀ ṣì ń gbóná, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà."