Kíwì Tó Lé Tawheed Kúrò Nídìí Iná

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Wàsílátù fi jókòó sílé ṣe opó ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó máa fi jáde, Tawheed, àbúrò ọkọ náà, ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Alàájì Ammar ní Camp Johnson Road, ibi tí Wàsílátù àti ọkọ rẹ̀ ti ń sun súyà fún ọdún mọ́kànlá.

"Ìyàwó wa, ṣé obìnrin ló ń sun súyà?" Tawheed bú sẹ́rìn-ín.

Wàsílátù ò bá a jà. Ó gbé àgbá ìdáná tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Àmọ́ ó ti pinnu: ojú gbogbo ayé ni yóò ti lé e kúrò níbẹ̀.

Kíwì ló bá a ṣe é! Roqeebah tó ń ta èso ní ọjà Rally Time ló fún un ní mẹ́rin tó ti rọ̀ jù. Èso òkè òkun ni, orí ìtàkùn ló ń so bí èso àjàrà. Ìtàkùn akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, abo nìkan ló sì ń so! Ara rẹ̀ nírun bí ara eku, inú rẹ̀ láwọ̀ ewé tútù, oje rẹ̀ sì ń ta ahọ́n. Wàsílátù ronú: ṣebí ẹran ni ahọ́n náà? Ohun tó ń ta á á mú ẹran rọ̀. Ló bá gún un, ó fi pa ẹran lára. Abọ́ àkọ́kọ́ tó fi sílẹ̀ di ilẹ̀ mọ́ ti di ẹ̀kọ, kò ṣeé gún nígi. Ìkejì, ìdajì wákàtí péré, ẹran màlúù líle yẹn rọ̀ bíi búrẹ́dì! Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá.

Alàájì Ammar pe àwọn méjèèjì. "Ọjọ́ Sátidé nìgbéyàwó ọmọ mi. Ẹ sun súyà wá. Ẹni tí tiẹ̀ bá dùn jù ló ni iwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Lọ́jọ́ kejì, Tawheed yọ́ sọdá. "Ìyàwó wa àtàtà, kí lo fi ń pa ẹran lára?"

"Kíwì ni, ọkọ mi."

"Títí di ìgbà wo?"

Wàsílátù wò ó lójú. "Ẹ fi sílẹ̀ di ilẹ̀ mọ́. Ẹ sì dà á sí i dáadáa."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Tawheed fi igi gún ẹran, ẹran ń yọ̀ bọ́. Èyí tó dúró lórí igi já sínú èédú, ó dún ṣàà!

"Tawheed, ṣé súyà nìyí àbí ọbẹ̀?" ni Alàájì Ammar bi í. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyàwó, o pa mí!"

"Ọkọ mi, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Wàsílátù pín súyà tirẹ̀ títí tó fi ku igi lásán. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé àgbá rẹ̀ sọdá títì padà síwájú ṣọ́ọ̀bù Alàájì. Tawheed ṣì ń kó èédú tirẹ̀ sínú àpò. Wàsílátù ò dúró kó kó o tán kó tó ṣáná.

"Ẹ yára o, ọkọ mi. Èéfín ń bọ̀."