Ọjọ́ tí Mo Mú Bàbá Sàkírà Lọ Jẹ Oúnjẹ Vietnam

Ọjọ́ tí mo mú Alhájì, bàbá Sàkírà àfẹ́sọ́nà mi, lọ sí ilé oúnjẹ Vietnam kékeré kan ní Ìbà kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Wọ́n fẹ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó wa, ara mi kò sì lélẹ̀ láti àárọ̀.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ nípa oúnjẹ náà. Mo ń ṣàlàyé fún Alhájì bí wọ́n ṣe ń se egungun màlúù pẹ̀lú atalẹ̀ sísun títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì wé, tí wọ́n sì dín, ló kọ́kọ́ dé. Alhájì gé ọ̀kan jẹ. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará Vietnam sábà máa ń fi sínú rẹ̀!

Mo sáré wọ ilé ìdáná.

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?" ni obìnrin tó ń dáná wí. "Àgbò tí a rà lọ́jà Alaba Rago ni, jàre!"

Mo padà sídìí tábìlì.

"Kí lo sáré lọ ṣe?" ni Alhájì bi mí.

Mo fẹ́ parọ́, irọ́ náà kò jáde. "Mo lọ bèèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ni, sà. Àgbò ni."

Alhájì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti bi àwọn tó ń ta oúnjẹ kí n tó jókòó, ọ̀mọ̀wé orí fóònù! Ṣùgbọ́n o lè parọ́ fún mi, o sì sọ òótọ́. Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun mọ́. Alhájì ló jẹ tèmi mọ́ tiwọn.