Bàtà Irin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kàn Mọ́ Ẹṣin Wa Lẹ́sẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: bẹ́ẹ̀ ni, èmi òṣìṣẹ́ ìjọba tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, mo máa ń gun ẹṣin fo igi tí wọ́n gbé dábùú pápá ní Àbújá níbí. Ìyàwó mi ní orí mi kò pé. Ẹṣin náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Abo ẹṣin pupa ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ rà á. Ìlú kan náà la ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ ní Durumi, òun sì ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kì í gun ẹṣin o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó sábẹ́ agboòrùn, kó máa sọ fún àlejò pé, "Ẹṣin mi nìyẹn."

Ẹṣin wa kò wọ bàtà irin rí. Orí koríko ló ti ń fò, pátákò rẹ̀ le, ó sì mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Tí ilẹ̀ bá rọ̀, á dín eré kù, á tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wọ yàrá tí ọmọ ti sùn, kó tó gbéra fẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú ń ti ẹ̀gbọ́n.

"Ẹṣin gbogbo èèyàn ló wọ bàtà. Tiwa nìkan ló ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán bí ọmọ tí kò lóbìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá a ra sọ́kì mọ́ ọn."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa bá wá wò ó ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Irin pẹlẹbẹ máa ń yọ̀ lórí koríko tútù. Àwọn tó ń fi bàtà irin fò níbẹ̀ máa ń kan ìṣó kéékèèké mọ́ abẹ́ rẹ̀, bíi ti bàtà agbábọ́ọ̀lù. Ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tá a fẹ́ lọ bá àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù díje, iṣẹ́ gbé mi jáde nílùú. Ẹ̀gbọ́n pe alágbẹ̀dẹ. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni mo padà dé. Òjò ti fọ gbogbo pápá, ẹṣin wa sì dúró nínú bàtà tuntun tó ń kọ mànà. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Abẹ́ irin náà dán bí àwo. Alágbẹ̀dẹ ti lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọwọ́."

Àwọn ọmọ ìlú wa ti jókòó, fìlà lórí, fóònù lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wẹ̀yìn, ó wá gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́: "Ṣé ẹ̀rù ló ń bà ẹ́ ni, àbúrò? Àbí ẹnu lásán lo fi ń gẹṣin látọjọ́ yìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n jiyàn níwájú ará ìlú? Mo gùn ún.

Ó fo igi àkọ́kọ́. Nígbà tá a dé ìkejì, mo mọ̀ ọ́n lábẹ́ mi pé ó fẹ́ tẹ ilẹ̀ wò bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n irin kò jẹ́ kó mọ nǹkan kan. Bó ṣe ní kóun gbéra ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yọ̀ lọ. A jọ já wọ àárín igi. Mo dìde. Òun náà dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró.

Iṣan ló já. Dókítà ẹranko ní á máa rìn, ṣùgbọ́n kò ní fò mọ́ láé. A yọ bàtà náà, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Ushafa. Mo máa ń lọ kí i ní Sátidé. Kòtò omi kékeré kan wà níbẹ̀ tí ewúrẹ́ pàápàá ń fò kọjá. Tí ẹṣin wa bá dé ibẹ̀, á dúró, á wò ó, á sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí ni. Ó wo ẹsẹ̀ ẹṣin, ó gbá mi léjìká.

"Ẹsẹ̀ lásán tó ò ń jà fún náà ló wà yìí. Ṣé inú ẹ ti wá dùn?"

Èmi tí mo máa ń fèsì kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu èèyàn! Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì lọ bu omi fún ẹṣin.