Ajá Tó Ń Tọ́ Oúnjẹ Wò Fún Mi

Fún ọdún púpọ̀, ajá ló ń kọ́kọ́ jẹun nínú ilé wa. Bí ìyàwó mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kò sì parọ́. Oúnjẹ yòówù tó bá ti ìta wọlé wa ní àdúgbò Vittin níbí, ìbáà jẹ́ láti ibi ìkómọ, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìjọ, mo máa ń bu díẹ̀ sílẹ̀ fún ajá. Màá dúró títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, tí yóò lá ẹnu, tí yóò tún padà wá jókòó síwájú mi pé òun ń retí òmíràn. Nígbà náà ni màá tó fọwọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ta aṣọ ní Tamale, ní orílẹ̀-èdè Gánà níbí, wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń gbé ìlú onílùú gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí èmi sí, ibí ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, àwọn oníbàárà mi kò sì lóǹkà. Síbẹ̀, ẹ̀rù bàbá mi kò kúrò lára mi.

"Èmi ìyàwó ilé," ìyàwó mi á ní, "ẹ̀yìn ajá ni mo wà."

"Bí ajá bá jẹ ẹ́ tó ṣubú ńkọ́?" èmi náà á fèsì.

"Tó bá ṣubú, ẹ jẹ́ n mọ̀. Títí di ìgbà yẹn, Dádì, ọbẹ̀ ń tutù."

Hájíà tó ń gbé ilé kejì sí wa ló ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa jù. Ọmọ Dàgóńbà, ẹ̀yà onílùú, ni, Hausa la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bàyárábé ló ń pè mí, ìyẹn ọmọ Yorùbá, bí ẹni pé àwọn òbí mi kò sọ mí lórúkọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, abọ́ túwó àti ọbẹ̀ ayòyò rẹ̀, ìyẹn ewédú, máa ń dé, pẹ̀lú ẹran awó lórí. Abọ́ náà kì í sùn sílé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ la ti ń fọ̀ ọ́ dá a padà, a ó sì fi ọsàn tàbí búrẹ́dì sínú rẹ̀, torí kò dáa kí abọ́ padà lófìfo.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń gbin àgbàdo sí àwọn oko tó wà lẹ́yìn ilé. Abọ́ Hájíà dé. Mo bu òkèlè sílẹ̀, mo sì fi ẹran díẹ̀ lé e. Ajá wa, pupa bí ilẹ̀ àgbàlá, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ti rẹ̀ sílẹ̀, jẹ ẹ́, ó lá ẹnu, ó padà wá jókòó. Ni àwa mẹ́ta bá jẹun: èmi, ìyàwó mi, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú wa láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Iwe ẹyẹ náà gan-an, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Oòrùn ò tíì rọlẹ̀ tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pariwo láti ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré jáde. Ajá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù omi, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ dìde nígbà tó rí mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀. Mo ní kí n gbé e sórí alùpùpù lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Kí alùpùpù náà tó dáhùn, ajá ti kú.

N kò lè purọ́: mi ò tíì sunkún ajá rárá nígbà yẹn. Ara mi ni mò ń rò. Ohun tí ajá jẹ ni mo jẹ, tèmi sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Mo wo ìyàwó mi, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́ Hájíà tó wà nílẹ̀, tí a kò tíì fọ̀.

"Epo," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní ilé bàbá wa tí kò mọ̀ pé epo pupa ni ti májèlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbẹ̀fẹ̀. Ó bu epo kún ife mẹ́ta, ó pò ó mọ́ mílíìkì inú agolo, ó dúró tì wá.

"Àǹtí, èyí pọ̀ jù," ìyàwó mi ní.

"Ikú ló pọ̀ jù. Gbé e mu."

A mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi mú abọ́ Hájíà, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ta á ní kókó líle, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ẹ̀rí ni, pé bí àwa bá lọ tán, kí ìjọba lè rí nǹkan bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí inú mi fi kùn. Mo sáré. Nígbà tí mo jáde, ìyàwó mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fún ìdí aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀!" mo kígbe. "Májèlé náà ti ń ṣiṣẹ́!"

"Ẹ kúrò lọ́nà ná," ìyàwó mi ní. Láti inú lọ́hùn-ún ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀: "Dádì, tí mo bá kú, ẹ má lo fọ́tò tí mo yà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n tèmi yẹn fún pósítà o. Mo sanra nínú rẹ̀."

Bí inú ṣe jẹ́ ká sinmi díẹ̀, a dá yẹ́lò-yẹ́lò dúró, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a gbé òkú ajá sínú àpò sí ẹsẹ̀ wa. Mo fẹ́ kí dókítà ẹran kọ́kọ́ sọ ohun tó pa ajá, kí ilé ìwòsàn ènìyàn lè mọ ohun tí wọn yóò bá jà.

"Ẹran tí ẹ fẹ́ tà ni?" awakọ̀ bi wá.

"Òkú ajá ni."

"Ó ti kú, ẹ tún ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Àwa la fẹ́ kú," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Òun ti ṣe tirẹ̀ tán. Rọra gun gegele yẹn, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n ba ọkọ̀ rẹ jẹ́."

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ la bẹ awakọ̀ náà kó dúró lójú ọ̀nà.

Obìnrin ni dókítà ẹran náà, kì í sáré sọ̀rọ̀. Ó ní nǹkan tó lè pa ajá lójijì báyìí pọ̀. Ó lè jẹ́ ejò. Ó lè jẹ́ oògùn eku, tàbí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹnu kó. Ìgbà mìíràn, ìfun ló ń lọ́ pọ̀. Ó bi mí bóyá ó gé ẹnikẹ́ni jẹ, bóyá ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Mo ní kò géni jẹ, ó sì gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo àwa náà.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo ni inú yín bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí a mu epo," ìyàwó mi sọ.

"Epo wo?"

"Epo pupa, pẹ̀lú mílíìkì."

"Ó tó báwo?" Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe ife. Dókítà fi gègé sílẹ̀. "Ẹni kọ̀ọ̀kan? Ẹ mu ife epo, ẹ wá ń bi mí ohun tó ń ṣe inú yín?"

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ajá wọ yàrá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé àwo kékeré kan síwájú wa. Ìyẹ́ dúdú tó ní àmì funfun wínníwínní ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú hóró àgbàdo bíi mélòó kan, pupa bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa wọ́n.

"Awó tí ẹ ní ẹ jẹ," ó bi wá, "ṣé tìyẹ́tìyẹ́ ni wọ́n sè é?"

A ní rárá.

Ó ṣàlàyé fún wa pé oògùn kòkòrò ni wọ́n fi ń pa àgbàdo gbígbìn láró bẹ́ẹ̀. Awó kan ló jọ pé ó lọ tú u jẹ nínú oko, tí ajá wa sì lọ gbé ẹyẹ náà jẹ ní tútù. Ó ní òun kò lè búra láìṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọkàn òun lọ. Ó kìlọ̀ pé ká sin ín jinlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi jẹ ẹ́, ó sì ní ká ṣì lọ rí dókítà tiwa. A lọ sí ilé ìwòsàn; nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa níbẹ̀ fún wa ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé epo kì í lé májèlé, ilé ìwòsàn ni kí ènìyàn sáré wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́. N kò rò pé ó gbà.

Abẹ́ igi níìmù la sin ajá sí. Ibẹ̀ ni mo ti wá sunkún rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Hájíà dé fúnra rẹ̀. Ó ru kókó gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, nínú ìkòkò, ó gbé kóòsé, àkàrà tiwa, dání. Mo mọ ohun tó bá wá: abọ́ rẹ̀ sùn sílé wa, awakọ̀ yẹ́lò-yẹ́lò sì ti tú ọ̀rọ̀ wa fún gbogbo àdúgbò.

"Sànnú, Bàyárábé. Abọ́ mi dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi fa abọ́ náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú kókó líle. Hájíà wo kókó ọ̀rá náà. N kò rí irọ́ pa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òkèlè àkọ́kọ́ títí dé orí àwo dókítà. Lọ́kàn mi, mo ní ó tán, Jímọ̀ wa ti parí, aládùúgbò tó dáa jù tí mo ní ni mo fẹ́ pàdánù yìí.

"Ìyẹ́ náà," ó wá bi mí, "ṣé èyí tó ní àmì funfun wínníwínní ni?"

"Òun ni."

"Kai! Awó mi ni! Láti àná ni mo ti ń wá a kiri!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ajá yín olè! Ó jẹ ti inú abọ́ mi, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún lọ jẹ ti àgbàlá mi!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó lórí àpótí mi.

"Hájíà, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "òkèlè tí mo máa ń bù fún ajá yẹn…"

"O rò pé mi ò mọ̀? Fèrèsé mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà yín. Kí lo rò pé mo ń fi eegun ńlá sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ fún? Ti ajá ni."

Ìyàwó mi wolẹ̀. Òun ló máa ń jẹ eegun yẹn.

Hájíà ṣí kóòsé, ó sì na ọwọ́ láti kọ́kọ́ mú. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe: ó fẹ́ jẹ ẹ́ níṣojú mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo yára di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú kóòsé tó wà lókè pátápátá, mo jù ú sẹ́nu. Ó gbóná, ata rẹ̀ tó. Mo gbé e mì, mo lá ẹnu.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì mú nǹkan kan. Wọ́n káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wò mí.

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?"

"Ẹ máa jẹ ná, Dádì," ìyàwó mi dáhùn. "A ń dúró wò yín ni."