Ohùn Bàbá Ayọ̀túndé Nínú Ẹ̀rọ

Fẹ́yìsetán ọmọ Ìgbólé ń tún rédíò ṣe ní Ìdó-Èkìtì, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá gbé rédíò wá, yóò tú u níwájú rẹ. Ohun tó bá yọ kúrò, yóò fi bébà wé e, yóò dá a padà fún ọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀gá náà ní olè ni gbogbo ayé ń pe atúnrédíòṣe, àfi èyí tó bá fi ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 2003, Ayọ̀túndé tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ pè é wá sílé ní Ìgbólé. Bàbá Ayọ̀túndé ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Màmá Elizabeth, ìyàwó rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, a máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ariwo kan bo ohùn náà, bí òjò lórí páànù.

Ayọ̀túndé nawọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ohùn rẹ̀ mọ́ ju báyìí lọ ni."

Fẹ́yìsetán tú u. Ó fi ìka kan áísì méjì nínú rẹ̀, ohun dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń gba ohùn tín-ín-rín láti inú kásẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ ọ́ di ńlá. Ó ní àwọn wọ̀nyí ló ń pariwo. Ó ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n bá a rí èyí tó dára jù. Kò fi léèdì jó wọn mọ́ ẹ̀rọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló jó mọ́ ọn, ó wá tẹ áísì bọ inú rẹ̀, kí ó lè ṣeé yọ lọ́jọ́ mìíràn.

Aládùúgbò wọn ni mí, mo wà níbẹ̀ nígbà tó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Òjò inú ohùn náà dá. A gbọ́ bí bàbá ṣe ń mí kí ó tó gbé ẹsẹ tó kàn. Màmá fọwọ́ bo ẹnu.

Ayọ̀túndé ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá ni Fẹ́yìsetán fi àwọn áísì àtijọ́ lé lọ́wọ́, nínú bébà, ó ní kí ó bá òun pa wọ́n mọ́. Màmá kó wọn sínú agolo aṣáà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ iná kan wo inú ẹ̀rọ náà, ó ní ojúlówó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ayọ̀túndé kò bi ìyá rẹ̀. Kò bi Fẹ́yìsetán. Ọjọ́ Àìkú, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde.

"Ẹ ṣọ́ra fún Fẹ́yìsetán. Ó kó ojúlówó inú ẹ̀rọ mi lọ. Kí ó dá a padà bí ó ṣe bá a."

Fẹ́yìsetán jókòó síbẹ̀. Bí ó bá dárúkọ agolo aṣáà, ọ̀rọ̀ ìbá parí. Kò dárúkọ rẹ̀. Mo bi í léèrè lọ́nà ilé. Ó ní, "Ó di ọjọ́ tí ulé Ayọ̀túndé bá kún fún èèyàn."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dá páropáro. Àwọn tó gbé rédíò síbẹ̀ wá gbé e lọ láìtún un ṣe. Felicia, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ ṣàlàyé. Ó ní àkókò kò tíì tó.

Ọjọ́ ìrántí bàbá dé. Ilé kún: àlúfáà, akọrin, àwọn ọmọ láti Ìbàdàn. Kásẹ́ẹ̀tì ń kọrin. Fẹ́yìsetán wọlé pẹ̀lú sukudiráfà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrántí. Ẹ bá mi mú ohun tí mo ní kí ẹ pa mọ́."

"Èyí tó wà nínú bébà? Inú agolo aṣáà mi ló wà. Òun náà á ti di aláṣáà."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé agolo náà wá, Fẹ́yìsetán tú bébà inú rẹ̀ sórí tábìlì, níwájú àlúfáà.

"Ojúlówó yín rèé, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín dá. Ojú Ayọ̀túndé wálẹ̀. "Kò burú, Fẹ́yìsetán. Ó ti tán. Jókòó, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún ọ."

"Kò tíì tán. Ẹ ní kí n dá a padà bí mo ṣe bá a."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tú ìdérí. Ó yọ áísì tuntun. Ó fi ọ̀bẹ ha léèdì kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn ti àtijọ́, ó wo àmì orí wọn kí wọ́n má kọjú sódì, ó tẹ̀ wọ́n wọlé. Kò kánjú. Ó fi owó iṣẹ́ tí Ayọ̀túndé san fún un sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó tan ẹ̀rọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá jìnnà, bí ẹni tó ń pe ni láti òdì kejì odò.

Màmá gbórí sókè. "Ayọ̀túndé, kí ló ṣe bàbá rẹ? Ta ló lé e lọ?"

Ayọ̀túndé di Fẹ́yìsetán lọ́wọ́ mú. "Àbúrò mi, nítorí Màmá, fi wọ́n padà. Mo ṣẹ̀ ọ́. Gbogbo yín gbọ́, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ibi tí ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́ kọ́ nìyí."

"Ọjọ́ Àìkú, màá sọ ọ́ níbẹ̀."

"Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, màá fi wọ́n padà."

Màmá na ọwọ́ síbi tí ohùn ti ń wá. "Fẹ́yìsetán, kí ni èmi ṣe fún ọ, ọmọ mi?"

Ọwọ́ Fẹ́yìsetán dúró díẹ̀ lẹ́nu àpò.

"Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan, Màmá."

Ó fi áísì tuntun méjèèjì sápò ẹ̀wù, ó de bọ́tìnnì rẹ̀, ó dìde, ó jáde lọ.