Àbùlẹ̀ Ẹnu Màmá

Ẹni tó bá pe ọkùnrin yìí ní orúkọ àbísọ, àfàìmọ̀ kó dáhùn. "Eyín-ò-gbọdọ̀-pọ́n" ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí bó ṣe máa ń fọ́nnu fún ẹni tó bá bá lẹ eyín nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Á fi àlẹ̀mọ́ rírọ̀ dí ojú ibi tó kán, á tan iná búlúù sí i kó lè le, á wá dán an títí ahọ́n ò fi ní mọ ibi tí àbùlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú fèrèsé ilé rẹ̀, ó máa ń rẹ àlẹ̀mọ́ sínú ife tíì àti ife kọfí, kó lè mọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọ̀kan mu rí láìfura. Ilé gbóná lọ́jọ́ náà.

Àfi eyín iwájú tó bá ìyá rẹ̀ lẹ. Kò pẹ́ tó fi yí àwọ̀ padà. Ó ha á kúrò, ó lẹ òmíràn, ìyẹn náà tún yí. Ojú tì í. Ó bú àwọn tó ṣe àlẹ̀mọ́, ó lọ ra èyí tó dára jù. Ní gbogbo àsìkò yìí, màmá ń rù, ó ń jókòó mí láàárín àtẹ̀gùn. Ọmọ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá!

"Màmá, ẹ dín tíì kù. Ó tún ti pọ́n."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi."

Ló bá fa iná súnmọ́ ọn. Kò pọ́n rárá, dúdú ló dú. Tíì kì í ṣe eyín báyẹn. Ẹnu àwọn tó ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi nìkan ló ti rí irú dúdú yẹn. Ó gbé ètè ìyá rẹ̀ sókè. Èrìgì funfun báláú.

"Màmá, oògùn ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń mu."

"Ó korò bí nǹkan míì."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí o tó lẹ ti àkọ́kọ́."

"Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kì í dúró sára mi mọ́. Àwọn ò sì lè dí ibi tó ń gbà lọ."

"Ẹ wá ń wò mí, mò ń bá eyín jà!"

"Eyín lo mọ̀ ọ́n tún ṣe, ọmọ mi. Bá mi lẹ ẹ́, jọ̀ọ́."

Ó mú àlẹ̀mọ́. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó dé e padà, ó tún ṣí i.