Àmì Rẹ̀ Lára Káàdì Mi

Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nínú yàrá wa ní Wharf Road, obìnrin mẹ́rin la sì ń lò wọ́n. Iṣẹ́ wa ni láti lu ihò sára káàdì. Àwọn tó mọ èdè kọ̀ǹpútà á kọ ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwé, àwa á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á lu ihò, kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀ á sì ka ihò náà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni. Àwọn ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì há sójú omi Àpápá bí èrò tó ń dúró de dókítà ni, àwọn ọ̀gá wa sì gbà pé kọ̀ǹpútà ló máa tú ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń lo ẹ̀rọ kẹta. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, a jọ ń jáde láàárọ̀, a jọ ń fo gọ́tà kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo sì máa ń jowú rẹ̀ díẹ̀. N kò ní purọ́ ìyẹn. Ibà ló ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti sin ín. Létí sàréè, ọ̀gá wa ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ lójú pásítọ̀ pé tí ogójì ọjọ́ bá ti pé, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni yóò gba àyè rẹ̀. Ìyá náà fi orúnkún kanlẹ̀, òun tó dàgbà ju ọ̀gá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni èdè kọ̀ǹpútà yí padà. Wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun, wọ́n ní ti àtijọ́ ti kógbá wọlé. Gbogbo iṣẹ́ tí a ti lù tẹ́lẹ̀, a ní láti tún un lù. Ọ̀rẹ́ mi ti lu àpótí káàdì kìíní kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Márùn-ún ló kù, àwa mẹ́ta sì sọ ọ́ láàárín ara wa pé èmi ni màá lù wọ́n. Ẹ̀rọ tèmi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Nílé wa, a kì í ṣí àpótí aṣọ ẹni tó kú kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ẹbí ló máa ń wá ṣí i lẹ́yìn àdúrà. Èmi ni mo sọ fún àwọn tó kù pé bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe ní ọ́fíìsì: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀rẹ́ mi tí kóòmù àti súwẹ́tà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ìdérí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ní í dúró de òkú, mo ní màá lo ẹ̀rọ náà láì ṣí i. Obìnrin ará Warri tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kìíní wò mí tìyanutìyanu. "Me, I no fit o. Person wey just die?" Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, tó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé yóò pa mí ni? N kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọjọ́ kìíní ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ̀rọ náà ṣàdédé fò, gbàgà, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ìparí káàdì, ó lu ihò bíi mélòó kan fúnra rẹ̀, kíá, bí ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń yá. Mo gbé káàdì náà sójú iná. Àmì rẹ̀ ni, lẹ́tà méjì. Olúkúlùkù wa ló ní àmì tó ń fi sí ìparí káàdì kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ìnkì ẹ̀rọ ti gbẹ, kò kọ nǹkan kan sókè, ṣùgbọ́n mo mọ ihò wọ̀nyẹn bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Orí mi wú.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Káàdì lẹ́yìn káàdì, mo ń lù ú, ó ń fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi sunkún, n kò ríran. Ohun tó tì mí lójú jù lónìí ni pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù náà di ìdùnnú. Mo máa ń rọra kí i láàárọ̀ pé, "O kú iṣẹ́." Tó bá ti fò, ọkàn mi á balẹ̀ pé kò tíì lọ.

Nígbà tí mo parí, kọ̀ǹpútà kò gba ìkankan nínú àpótí márààrún. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Kò mọ ẹni tó lu àpótí wo, àmì nìkan ló ń wò. Ó gbé káàdì sójú iná, ó ka lẹ́tà méjèèjì.

"Ṣé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, kí Ọlọ́run dárí jì í? Àbúrò ẹ̀ tí mo ṣèlérí fún ńkọ́? Rárá o. Mi ò lè gba ẹlòmíì látinú ilé yẹn."

Obìnrin Warri wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Èmi ni gbogbo wọn ń dúró dè. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Mo lè tún un ṣe."

Èdè tuntun la kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ṣùgbọ́n àpótí kìíní, èyí tí ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ ara rẹ̀ lù, kọjá láìní àléébù kan ṣoṣo, èdè kan náà sì ni. Ó ku ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, mo gbàdúrà, mo sì ṣí ìdérí náà. Ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n ni.

Káàdì kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n wé mọ́ àgbá kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ. Gbogbo wa la mọ káàdì bẹ́ẹ̀. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fo ibì kan, kó da ohun tó wà lára káàdì tó ṣáájú kọ sí ibòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é fún àpótí kìíní, tó jẹ́ kìkì orúkọ ọkọ̀ àti ẹrù. Ó yẹ kí n yọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ tèmi. Káàdì tó lù kẹ́yìn ló ṣáájú káàdì mi àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ni àmì náà ti bọ́ sára tèmi, tó sì ń bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn. Kò sí òkú níbẹ̀. Èmi nìkan ni. Mo jókòó tì í, mo sunkún bí n kò ṣe sun ún létí sàréè.

Mo fi ọjọ́ mẹ́rin lu gbogbo rẹ̀ ní tuntun pẹ̀lú àmì tèmi. Kọ̀ǹpútà gbà á. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ìwọ lo yọ wá. Ọmọbìnrin yẹn ì bá ti kó wa sí wàhálà."

Mo la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni mo lù wọ́n, sà. Mo rántí pé n kò gbàṣẹ, mo rántí àwọn tó ń wo ọwọ́ mi nílé. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé lógójì ọdún. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kò rí iṣẹ́ náà gbà mọ́, ó lọ ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Marine Beach, ó ń tà á káàkiri.

Ní ọjọ́ ogójì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ajégúnlẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi dìde, ó fà mí síwájú.

"Wọ́n ní ọmọ mi ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó lọ. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Èyí nìkan ni ò bá wọn sọ ọ́, òun ló bá a tún un ṣe." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Orúkọ tìẹ náà, ẹlòmíì ò ní bà á jẹ́."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, tèmi ló sì ròkè jù.